Dókítà Tí Ó Sọ Ara Rẹ̀ Di Aláìní Nítorí Àwọn Aláìní

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa, Sabon Gari, Kánò

  

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìgbésí ayé ẹnì kan tí a lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n, kí ìpàdé tó padà sí ọ̀ràn àpò ìrànlọ́wọ́ tí a kò tíì parí. Gbogbo yín ni ẹ mọ ọ̀ràn náà. Òfin wa sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè owó oṣù nìkan ni a lè fi owó àpò náà tọ́jú nígbà àìsàn. Àwọn kan nínú wa ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a wá nǹkan ṣe fún ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ láàárín wa tí kò lẹ́nìkan, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà má jẹ́ Yorùbá. Kí a tó nawọ́ sókè láti dìbò, a fẹ́ mú yín rìn jìnnà díẹ̀, lọ sí Íńdíà àti Màláyà, kí a sì gba Gánà padà sílé.

Kí ẹnu má yà yín pé Íńdíà ni a lọ. Àwa ará Kánò mọ Íńdíà. Àwọn oníṣòwò Íńdíà ti pẹ́ ní ìlú yìí, aṣọ wọn wà lọ́jà, fíìmù wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa wò dàgbà. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè wọn rárá a máa kọ orin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òṣèré, kì í sì í ṣe oníṣòwò. Oníṣègùn ni, ó sì di ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀sìn Híńdù, èyíinì ni ẹni tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní ní ilé, òun kò ní kó ọrọ̀ jọ, òun kò ní fẹ́ aya. Orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni Swami Sivananda.

A mọ̀ pé Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ìpàdé yìí. A kò wá pe ẹnikẹ́ni sí ẹ̀sìn mìíràn. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ó sì rí kànga tí omi rẹ̀ mọ́, kì í kọ́kọ́ béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1887 ni wọ́n bí ọkùnrin náà ní Pattamadai, ìlú kékeré kan ní gúúsù Íńdíà, ní ilẹ̀ àwọn Tamil. Kuppuswami ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìdílé Brahmin ni wọ́n, àwọn tí ó wà lókè pátápátá nínú ètò ìran tí ó wà ní Íńdíà láti ayébáyé. Ẹ rántí pé àwọn ìran kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí àwọn tòkè kì í fọwọ́ kàn, tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n pọn omi ní kànga kan náà pẹ̀lú àwọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé láti òkè ni ọkùnrin yìí ti sọ̀ kalẹ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Tanjore. Ní ọdún 1909 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí ó pè ní Ambrosia, tí ó fi ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa ìlera. Nígbà tí ó di ọdún 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó kọjá òkun lọ sí Màláyà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Màléṣíà lónìí.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ tiwa. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso Màláyà nígbà náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣàkóso níhìn-ín. Oko rọ́bà ni wọ́n dá síbẹ̀, láti gúúsù Íńdíà ni wọ́n sì ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ Tamil wá láti máa fá igi rọ́bà. Ní àkókò kan náà, ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánò ni, wọ́n sì ń pín ilẹ̀ Sabon Gari fún àwọn àlejò tí ó bá ọkọ̀ ojú irin wá láti ìsàlẹ̀. Akọ̀wé, oníṣòwò, télọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, báyìí ni àwọn bàbá wa ṣe dé. Ní Màláyà náà, àlejò ni Kuppuswami, àlejò sì ni àwọn tí ó ń tọ́jú. Gbogbo wọn ni wọ́n fi ilé sílẹ̀ wá oúnjẹ.

Ó rí iṣẹ́ ní ọsibítù oko rọ́bà kan nítòsí Seremban. Lẹ́yìn ọdún bíi méje ó lọ sí Johore, ó sì tún ṣe ọdún bíi mẹ́ta níbẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, owó rẹ̀ sì dára. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé kì í gba owó lọ́wọ́ tálákà, pé nígbà mìíràn òun gan-an ni ó ń fún aláìsàn ní owó tí yóò fi ra oúnjẹ lẹ́yìn ìtọ́jú. Òṣìṣẹ́ oko rọ́bà tí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn kò ní ìyá tí yóò se ẹ̀kọ fún un, kò sì ní ẹ̀gbọ́n tí yóò gbé e. Dókítà yìí rí i pé oògùn nìkan kò lè wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ sàn.

Ní ọdún 1923 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lé e, kò sì jẹ gbèsè. Ó ti rí àìsàn àti ikú púpọ̀, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ayé wà fún. Ó padà sí Íńdíà, ó sì rìn lọ sí apá àríwá títí ó fi dé Rishikesh, níbi tí odò Ganges ti ń jáde láti àárín òkè Himalaya. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1924, ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ àgbà kan tí ń jẹ́ Swami Viswananda Saraswati gba ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tuntun, Sivananda. Láti ọjọ́ náà, kò ní ìdílé mọ́, kò ní ìran mọ́, a kò lè pè é ní Brahmin mọ́. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni ó ń wọ̀. Oúnjẹ tí a bá ta á lọ́rẹ ni ó ń jẹ.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ni ó wà ní Rishikesh, àwọn mìíràn nínú ahéré, àwọn mìíràn nínú ihò àpáta, tí wọ́n ń wá Ọlọ́run nínú ìdákẹ́jẹ́. Ohun tí Sivananda ṣàkíyèsí ni pé bí ibà tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn bá mú ọ̀kan nínú wọn, kò sí ẹni tí yóò bù omi fún un. Olúkúlùkù ló ń gbàdúrà tirẹ̀. Nítorí náà ó tún gbé àpò oògùn rẹ̀ kọ́ apá. Láàárọ̀ yóò gbàdúrà, lẹ́yìn náà yóò máa lọ láti ahéré dé ahéré, yóò fọ aṣọ aláìsàn, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò sì fún un ní oògùn.

Kí ó tó di ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, ó ti ń san owó díẹ̀díẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì. Nígbà tí owó náà bọ́ sí i lọ́wọ́, kò fi kọ́ ilé, kò sì fi ṣọwọ́ sí ilé ìfowópamọ́. Ní ọdún 1927 ó fi dá ilé oògùn ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Lakshman Jhula, lójú ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà lọ sí ilé ìsìn Badrinath lórí òkè. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín nígbà náà, àti arúgbó àti aboyún. Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbàgbé: ó fún arìnrìn-àjò kan ní oògùn lálẹ́, ẹni náà sì jí lọ ní kùtùkùtù. Bí ilẹ̀ ti mọ́ ni ó rántí pé òun ní oògùn mìíràn tí yóò bá àìsàn náà mu jù. Ó gbé e, ó sì sáré tẹ̀lé ọkùnrin náà lórí òkè títí ó fi bá a. Ọkùnrin náà kò béèrè, kò sì lè san án padà láéláé.

Ohun tí ó kọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé e ni pé iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, kí a tó máa sọ̀rọ̀ àṣàrò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà ni ó ń fọ ọkàn mọ́. Ní ọdún 1936 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ létí odò Ganges, tí a ń pè ní Divine Life Society. Ilé màlúù àtijọ́ kan ni wọ́n gbá mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Láti inú ilé màlúù yìí ni ọsibítù ọ̀fẹ́ ti dìde, tí ilé ìdáná sì ti dìde, tí ilé ìtẹ̀wé sì ti dìde. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé tí ó lé ní 200. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1963, iṣẹ́ náà kò sì bá a kú.

Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Swami Chidananda, tí a bí ní ọdún 1916. Ọmọ olówó ni, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní Madras ni ó ti gboyè. Ó dé ọ̀dọ̀ Sivananda ní ọdún 1943, wọ́n sì fi í sí ilé oògùn. Adẹ́tẹ̀ kan wà tí egbò rẹ̀ ti burú débi pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ sún mọ́ ọn. Chidananda kọ́ ahéré fún un, ó ń wẹ egbò rẹ̀, ó ń fọ́ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ rántí pé ní àkókò náà, oògùn tí ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn kò tíì tàn ká. Lẹ́yìn ikú Sivananda, Chidananda di olórí ẹgbẹ́ náà, kò sì dẹ́kun láti máa tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ tí ó wà ní àyíká Rishikesh títí ó fi kú ní ọdún 2008.

Àwa náà mọ ẹ̀tẹ̀. Ọsibítù adẹ́tẹ̀ wà ní Yadakunya, kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń fi oògùn ẹ̀tẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ a ń rí àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ti jẹ ìka wọn tí wọ́n ń tọrọ báárà ní ìkóríta ìlú yìí. Oògùn lè lé àrùn náà lọ. Kò lè dá ìka padà, kò sì lè mú kí aládùúgbò jókòó ti ẹni. Èyí kù sí ọwọ́ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gba Gánà padà sílé bí a ti ṣèlérí. Ní Senya Beraku, létí òkun ní Gánà, ni wọ́n ti bí ọmọ kan ní ọdún 1937 tí ń jẹ́ Kwesi Essel. Ọmọ ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú bíi tiwa ni. Nígbà tí ó dàgbà, ó dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1962, ó sì ń kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ Sivananda láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Rishikesh fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1975, Swami Krishnananda wá sí Gánà, ó sì gba ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Orúkọ tuntun tí wọ́n sọ ọ́ ni Swami Ghanananda Saraswati. Ó darí ilé ìsìn rẹ̀ ní Accra títí ó fi kú ní ọdún 2016, àwọn ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lọ síbẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ tí dókítà kan bẹ̀rẹ̀ ní oko rọ́bà Màláyà ṣe ní ọmọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

Gánà yìí kan náà ni òfin jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ẹ̀jìgbò, tí ó ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Níhìn-ín, àwọn àgbà tí ó rí oṣù karùn-ún ọdún 1953 kò gbàgbé bí rògbòdìyàn ṣe wọ Sabon Gari. Ìdí tí a fi ń rán yín létí ni pé ẹni tí ń gbé ní àjò kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò ní wà láìlẹ́nìkan lọ́la. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láàárọ̀ lè máa wá ibi tí yóò sùn lálẹ́. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò béèrè nọ́ńbà káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu àwọn tí ó ní kí òfin wa dúró, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ahun. Wọ́n ní Sivananda kò ní aya, kò ní ọmọ, kò san owó ilé ẹ̀kọ́, kò sì ní onílé tí ń kan ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni. Wọ́n ní owó tí ìyá aláta dá lóṣooṣù fún ọjọ́ àìsàn tirẹ̀ kò yẹ kí ó tán kí ọjọ́ náà tó dé. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú, àwa náà kò fẹ́ kí a fi òógùn ẹnì kan ṣe àánú orúkọ ẹlòmíràn. Owó tí Sivananda ná ní Lakshman Jhula, owó ara rẹ̀ ni.

Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ ènìyàn kò moore. Èyí náà kò pamọ́ fún ọkùnrin tí a ń wí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1950, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lálẹ́, ẹnì kan nínú àwọn tí ó gbà sílé gbé àáké sókè láti fi pa á. Ọlọ́run yọ ọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n lu ọmọkùnrin náà, kò sì fẹ́ kí ọlọ́pàá tì í mọ́lé. Ó fún un ní oúnjẹ, ó sì fi í sínú ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. A kò ní kí olúkúlùkù wa lè ṣe bẹ́ẹ̀. A kàn ń sọ pé kò fi ìwà ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹ̀rún aláìsàn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ mú wá síwájú ìpàdé nìyí.

Èkínní, kí òfin àpò ìrànlọ́wọ́ dúró bí ó ti wà. Owó oṣù, ti ọmọ ẹgbẹ́ ni.

Èkejì, kí a ní àpótí mìíràn tí a ó gbé sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìpàdé. Ẹni tí ó bá wù ni yóò fi nǹkan sí i, a kò ní kọ orúkọ rẹ̀, a kò sì ní pariwo iye rẹ̀. Àpótí aláìlẹ́nìkan ni a ó máa pè é.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ènìyàn mẹ́ta, kí méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin, nítorí pé àwọn ìyá wa ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ ilé tí iná kò ti jó. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan dùbúlẹ̀, kí wọ́n lọ wò ó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí wọ́n san owó oògùn fún ilé ìwòsàn fúnra wọn, kí wọ́n má kó owó lé aláìsàn lọ́wọ́. Kí wọ́n máa sọ iye tí wọ́n ná fún ìpàdé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dárúkọ ẹni tí wọ́n ná an fún.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má béèrè ìlú, kí wọ́n má béèrè ẹ̀sìn. Opó ọmọ ẹgbẹ́ wa tí kò lè san owó oṣù mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tirẹ̀ ni. Alábàárù tí ń sùn sí ọjà Sabon Gari, tirẹ̀ ni. Ọmọ Hausa tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi wá sí ojúlé wa lójoojúmọ́, tí omi rẹ̀ ni a fi ń dáná, tirẹ̀ ni. Omi tí ó ń gbé wá kì í béèrè ìlú wa kí a tó mu ún.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ni tiwa nínú àìsàn aládùúgbò, àwọn àgbà ti dáhùn tipẹ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Onígbáméjì kì í wo káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó wọ ilé.

A kò sọ pé kí dókítà inú wa fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó lọ máa gbé inú ahéré. Ohun tí a rí kọ́ lára ọkùnrin Pattamadai yìí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára wa sì ká a. Nígbà tí ó wà ní àjò, ó wo ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ tí ó mọ̀ ràn án lọ́wọ́. Télọ̀ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ wà nínú wa tí ó lè gbé aláìsàn dé ọsibítù lóru. Ẹni tí kò ní owó láti fi sínú àpótí ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

A ti sọ tiwa. Ó di ọwọ́ ìpàdé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣe àìsàn àìlẹ́nìkan, kí àjò má gbé wa mì, kí ẹgbẹ́ wa má sì tú.